Àgọ́ Onítáyà Lẹ́yìn Ọkọ̀ Zakariyya

Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025

Alimat Àṣàkẹ́, ọmọ ìyá mi,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Amẹ́ríkà ńkọ́? Gbogbo wa níhìn-ín wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ṣì wà lórí ewé gbogbo. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ọmọ́jọlá, àbígbẹ̀yìn mi, ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Èyí tí a bá kọ sílẹ̀, èèyàn á jókòó tì í, á rò ó.

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tí Zakariyya ọkọ rẹ fi sílẹ̀ lọ. Nígbà tó wà láyé, òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá lo ọkọ̀ yìí tán, tiyín ni.” O gbọ́ ọ, o wà níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ mi ti tó wú lóko, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń bá mi kó o sì ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n ń dé ìgbà tó bá wù wọ́n. Tájù, ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ níhìn-ín, wà ní Baltimore, iṣẹ́ fífi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó ló ń ṣe. Jẹ́ kó wá gbé e.

Èkejì ló dẹ́rù bà mí. Sufyan ọmọ rẹ pè mí, ó ní o fẹ́ ra tírélà. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Tírélà kẹ̀, Àṣàkẹ́? Irú èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì, tó ń ṣubú dínà ní márosẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ tí obìnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún fi fẹ́ di awakọ̀ tírélà? Ṣé iṣẹ́ awò ojú tí ò ń ṣe ní Langley Park ti bọ́ ni? Tí ìyà bá ń jẹ ọ́, sọ fún mi. Èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá wa. Mi ò tíì kú.

Mò ń retí èsì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Raheem


District Heights, Maryland
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Raheem,

Wa alékúmù sàlámù. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí òpin rẹ̀ láyọ̀. Mo kí ìyàwó yín, mo sì kí Ọmọ́jọlá, a-bá-ni-fi-lẹ́tà-ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tírélà yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe tírélà sìmẹ́ǹtì. Ilé kékeré kan ni, táyà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, omi wà, ṣáláńgá tó mọ́ tónítóní náà wà. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Pikọ́ọ̀pù ló máa ń fà á. Àwọn ará ibí á fà á lọ sí etí omi tàbí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n á sinmi, wọ́n á sì padà sílé. Èmi ń pè é ní àgọ́ onítáyà. Iṣẹ́ mi kò bọ́. Ìyà kankan kò jẹ mí.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí Zakariyya ṣe níbí. Takisí ni. Ó ń gbé àwọn tó ń lọ gbafẹ́ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, á tún lọ gbé wọn nígbà tí wọ́n bá dé pẹ̀lú ara tó ti pọ́n dòdò lóòrùn. Òun fúnra rẹ̀ kò gbafẹ́ rí. Adágún omi kan wà lórí òkè, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ wa yìí, Deep Creek ni wọ́n ń pè é. Èrò kan fi fọ́tò rẹ̀ hàn án nínú takisí, láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra pikọ́ọ̀pù, ó ní kí wọ́n de irin tí a fi ń fa ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Irin yẹn kò tíì fa nǹkan kan tí ikú fi dé. Mo fẹ́ kó fà.

Àgọ́ kan wà tí mo ti lọ wò, ó gùn bíi yàrá méjì, ó wù mí dé ọkàn. Ẹni tó ń tà á ní ọkọ̀ mi á fà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo rí sítíkà kan lẹ́nu rẹ̀ tó sọ ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé. Mo bi ọkùnrin náà, ó ní kí n má wo ìyẹn. Mo délé, mo wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ọkọ̀ lè fà yàtọ̀ sí ohun tó lè gbé. Ẹ lè fi okùn fa màlúù iléyá láti Sábó délé. Ṣé ẹ lè pọ̀n ọ́n? Orí àgọ́ náà máa ń jókòó lé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, ìwọ̀n orí yẹn á sì para pọ̀ mọ́ ìwọ̀n àwa tá a jókòó síwájú àti ẹrù wa. Mo rò ó papọ̀, ó ju ti sítíkà lọ. Nítorí náà, mi ò tíì rà á. Mo ṣì ń wá èyí tó bá ọkọ̀ mu.

Ní ti ọkọ̀, mo gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ. Ó ní tí òun bá lò ó tán. Kò tíì lò ó tán, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mò ń bá a lò ó. Ẹ sì rántí pé nígbà tí Ìmáàmù pín ogún, ìpín tèmi ni ọkọ̀ náà bọ́ sí. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn yín.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Alimat


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 2025

Alimat,

Àsàláámù àlékúmù. A kú ọdún ìtúnu. Gbogbo oṣù ààwẹ̀ ni mo fi gbé lẹ́tà rẹ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò fẹ́ fi ẹnu ààwẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí màá kábàámọ̀. Ọdún ti lọ wàyí.

O kọ̀wé dáadáa. O ti máa ń mọ ọ̀rọ̀ sọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ta ló ń sá kúrò nílé tó ní yàrá mẹ́rin, iná ò kú níbẹ̀, omi ò dá, tó wá lọ ń sùn nínú igbó nínú àpótí? Àwa tí a ń gbé nínú igbó ń wá bí a ó ṣe wọ̀lú. Ìwọ tó o wà nílùú ń wá igbó. Ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ? Bí táyà bá bẹ́ ńkọ́? Sufyan ní òun ò lè sùn mọ́ nítorí rẹ. Ó sunkún sí mi létí, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n.

O sì ń fi ogún dá mi lóhùn. Ṣé mo ní o jí ọkọ̀ ni? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èmi ni orí níbí. Ìlérí òkú ni mò ń béèrè, kì í ṣe ogún.

Mo ti bá Tájù sọ̀rọ̀. Tó bá dé, kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Raheem


District Heights
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Wa alékúmù sàlámù. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò àkọ́rọ̀. Mo gba ìbáwí yín, mo gbé e sórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Sufyan.

Sufyan ló sọ pé ká lọ yá irú àgọ́ ńlá tí mo kọ́kọ́ wò, ká fi dán ọkọ̀ wò. Mo mọ èrò ọkàn rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí ni. Òun ló wakọ̀, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe so àgọ́ náà mọ́ ọn, ẹ̀yìn ọkọ̀ rọ̀ wálẹ̀, imú rẹ̀ sì gbé sókè. Mo ní, “Sufyan, ọkọ̀ yìí ń wòkè.” Ó ní kò séwu.

A bọ́ sórí Beltway, títì ńlá tó yí gbogbo agbègbè yìí po. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá àgọ́ náà, ó yà sọ́tùn-ún. Kó tó padà, ó tún yà sósì. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rí ajá tí ìrù rẹ̀ ń ju ara rẹ̀ kiri rí? Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń jù wá. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń fa àgọ́ mọ́, àgọ́ ló ń darí ọkọ̀. Sufyan pariwo, “Mummy, ó ti tán!” Mo ní, “Kò tán. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, di sítiárìn mú gírígírí, má tẹ búrèkì.” Mo ń ké Lá ìláhà ìláláhù. Eré ọkọ̀ rọra rọlẹ̀, ìrù dákẹ́. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Sufyan ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ ta ọkọ̀ yìí.”

Mo ní rárá. Ohun tí mo rí ni pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe pé ọkọ̀ kò dára, kì í sì ṣe pé àgọ́ kò dára. Àwọn méjèèjì ni kò bára wọn mu. A fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá àgọ́ padà, mo sì wakọ̀ nìkan lọ síbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ti máa ń wọn ẹrù wọn. Mo gun orí òṣùwọ̀n. Mo wá mọ ìwọ̀n ọkọ̀ mi gan-an, pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀.

Àwọn kan wí fún mi pé kí n pààrọ̀ ọkọ̀ sí èyí tó lágbára jù. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Zakariyya kò ní í kúrò, àgọ́ ló máa kéré. Ìyá àgbà aláwọ̀ funfun kan ní Upper Marlboro ń ta tirẹ̀. Ó rí róbótó bí ẹyin, kò wúwo, ibi tí èèyàn méjì lè sùn sí wà níbẹ̀. Nígbà tí a so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ kàn tẹ díẹ̀ bí ẹni tó kí àgbà, ó sì dúró ṣánṣán. Mo ra búrèkì kékeré kan kún un, èyí tó ń mú táyà àgọ́ fúnra rẹ̀. Mo wakọ̀ gba Beltway kan náà wálé. Àwọn akẹ́rù kọjá, kò mì.

Wíwakọ̀ síwájú kò le. Ẹ̀yìn ló le. Tí èèyàn bá yí sítiárìn sọ́tùn-ún, àgọ́ á lọ sósì. Mo ń kọ́ ọ ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Glenarden, tó máa ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí híjáàbù mi, ó ní, “Màdáámù, ṣé ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ibí?” Mo ní mo mọ̀, pé mọ́ṣáláṣí wa kò ní ààyè tó fẹ̀ tó èyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé kóònù wá kí n fi ṣe àmì. Mo ti tẹ kóònù náà pa lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń gbé òmíràn wá ni.

Ẹ dákun, ẹ dá Tájù dúró.

Alimat


District Heights
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Ẹ kò fèsì lẹ́tà mi, Tájù lẹ fi dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ Sátidé ni mo gbọ́ ariwo níwájú ilé. Mo yọjú, mo rí ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó ti na pẹpẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré. “Ẹ káàárọ̀, Alhaja. Èmi ni Tájù. Alhaji ní kí n wá gbé ọkọ̀.” Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sufyan ọmọ mi ló fún un.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo so àgọ́ mọ́ ọkọ̀, mo sì tì í pa, torí mo fẹ́ lọ sí Glenarden. Tájù yí i po títí. Ó ní, “Alhaja, báwo ni wọ́n ṣe ń tú nǹkan yìí?”

Mo ní, “Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.”

Ó ní, “Ẹ dákun, ẹ bá mi tú u.”

Mo ní, “Tájù, ìwọ tí ò ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́, ìwé ọkọ̀ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè, àbí?” Mo mú ìwé jáde. Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á. Orúkọ mi ni. Ó bọ́ fìlà, ó ní, “Ẹ foríjì mí. Wọ́n ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.” Mo ní kó wọlé. Mo fún un ní ìrẹsì àti adìyẹ, nítorí òun kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tó jẹun tán, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó dúró lẹ́yìn, ó ń juwọ́ sí mi bí mo ṣe ń fi ẹ̀yìn wakọ̀ jáde sí títì. Ó ní àwọn awakọ̀ òun kan ní Baltimore kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo pe Sufyan. Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Mummy, mo ti sin Daddy. Mi ò fẹ́ sin yín kún un.” Mo ní kó wá bá mi kọ́ ọ, ká jọ lọ. Ó kọ̀, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tọ́ mi, ẹ fún mi lọ́kọ, ẹ kò sì tàn mí jẹ rí. Ìdí nìyí tí ti Tájù fi dùn mí tó báyìí. Tí ẹ bá ní kí n wá kúnlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, màá wá. Ọkọ̀ ni mi ò ní í fún yín. Lóṣù kẹjọ, èmi àti Mujeebah, ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí, ń lọ sí Deep Creek.

Alimat


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, 2025

Alimat,

O dójú tì mí. Tájù ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ nílé ìpàdé. Wọ́n ní àbúrò mi obìnrin fi ìwé lé mi padà. Mo tọ́ ọ, o wá di ẹni tó ń ní kí wọ́n ka ìwé sí mi létí.

Máa lọ. Sùn síbi tó bá wù ọ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ oko di ilé, ẹnì kan kì í dúró de àbọ̀ rẹ̀. Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí wàá fi ronú.

Raheem

Ẹ kúulé, Àǹtí. Ọmọ́jọlá nìyí. Bàbá kò mọ̀ pé mo fi èyí kún un nísàlẹ̀. Wọ́n ń bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ka ọ̀rọ̀ màlúù iléyá yẹn fún Màámi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé àwọn ń bínú. Ẹ má dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò àgọ́ náà fún mi.


District Heights
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Alhaji Raheem,

Àsàláámù àlékúmù. Ẹ ní kí n má kọ̀wé títí màá fi ronú. Mo ti ronú, mo sì ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ̀! Ẹ bínú sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀.

A kírun àsùbáà, a gbéra. Mujeebah gbé tẹ̀sùbáà dání, kò dákẹ́ àdúrà títí a fi kọjá ìlú Frederick. Ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àgọ́ ń tẹ̀ lé e bí ọmọ àgùntàn. Nígbà tó yá, òkè bẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n la òkè sí méjì kí títì lè kọjá. Àpáta dúró lápá ọ̀tún, ó dúró lápá òsì, ó ní ìlà ìlà bí aṣọ òfì ìlú wa. Mujeebah ní, “Alimat, ṣé ibi tí a fẹ́ gbà rèé?” Mo ní ibẹ̀ ni.

Lórí òkè tó ga jù, ọkùnrin kan ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àgọ́ ńlá, irú èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà gan-an. Ọkọ̀ rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, èéfín ń jáde. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí kúlà, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. A dúró fún wọn ní omi, wọ́n ní àwọn ti pe ẹni tó máa wá fà wọ́n. Ẹnu yà wọ́n pé àwa obìnrin méjì la ń lọ. Mo padà sórí ìjókòó, mo tẹ iná. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ Zakariyya hùn, ó fà. Ó fà! Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kò kúrò lójú kan. Nígbà tí a dé góńgó, gbogbo ilẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, òkè lẹ́yìn òkè, aláwọ̀ ewé títí tó fi di búlúù. Mo fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, mi ò jẹ́ kí búrèkì gbóná.

Ibi ìpàgọ́ ni ìdánwò gan-an wà. Ibi tí wọ́n fún wa wà láàárín igi ńlá méjì, ẹ̀yìn sì nìkan ni èèyàn lè gbà wọ̀ ọ́. Àwọn ará ibẹ̀ gbé àga jókòó níta. Mo ti gbọ́ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n máa ń wo ẹni tuntun bí ẹni ń wo eré. Ọkùnrin kan gbéra, ó ní, “Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Mo ní ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Mujeebah bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn. Mo wo jíǹgí. Mo yí sítiárìn sósì, àgọ́ yà sọ́tùn-ún. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́. Igi kan kọjá lójú jíǹgí, ìkejì kọjá. Mujeebah gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo dúró.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi! Mi ò padà síwájú rárá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mujeebah kàbàrà tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ẹnì kan fi dá a lóhùn. Ọkùnrin tó fẹ́ bá mi ṣe é ló kọ́kọ́ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kì í lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Sufyan ni. Ọmọ yìí ti ń tẹ̀ lé wa láti District Heights, ó ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, nítorí ó ní tí ohunkóhun bá ṣe wá, òun á lè tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń dúró de ewu, ewu kò dé. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mummy, Daddy ì bá ti gbá igi yẹn.” Òótọ́ ló sọ. Zakariyya kò mọ ẹ̀yìn wà rí.

Àwa obìnrin sùn nínú àgọ́. Sufyan na ìjókòó ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó sùn síbẹ̀, kò jẹ́ kí n gbé e kúrò. Ní àsùbáà, a tẹ́ ẹní sétí adágún. Ìkùukùu bo omi, òtútù ń mú, Sufyan ṣe Ìmáàmù fún wa. Nígbà tí a sálámà tán, oòrùn yọ lórí omi. Èmi kò sunkún. Inú mi dùn ju ẹkún lọ. Mo ní, “Zakariyya, a dé o.”

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Ọmọ́jọlá. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi.

Alimat Àṣàkẹ́ yín


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 2025

Àṣàkẹ́ mi,

Àsàláámù àlékúmù wa rahmatuláhì. Dìde lórí ìkúnlẹ̀. Orúnkún rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, o sì ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ búrèkì.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo kà á fún ìyàwó mi, mo tún kà á fún bàbá Tájù, torí ẹnu rẹ̀ ló tú ọ̀rọ̀ wa síta, ó sì yẹ kí etí rẹ̀ gbọ́ àbọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni àwọn èèyàn pé lé mi lórí, wọ́n ń wo fọ́tò lórí fóònù Ọmọ́jọlá. Ẹnì kan ní, “Alhaji, ta ni awakọ̀ yìí?” Mo ní àbúrò mi ni. Ó ní, “Òun nìkan?” Mo ní òun nìkan, òkè tó ga ju òkè Àdó lọ ló gùn, àwọn ọkùnrin sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ọkọ̀ wọn ń rú èéfín. Mo fi díẹ̀ kún un, Ọlọ́run á foríjì mí.

Kí Sufyan fún mi. Ọmọ tó lè tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ gbogbo ọ̀nà yẹn, tó sì lè ṣe Ìmáàmù fún un lórí òkè, bàbá rẹ̀ kò kú. Èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ sí i lórí, má fi bá a jà mọ́.

Ọkọ̀ Zakariyya, mo fi sílẹ̀ fún ọ tọkàntọkàn. Bó o bá lò ó títí tó fi di irin jíjẹrà, inú mi á dùn. Mo ti ra pikọ́ọ̀pù níbí, tòkunbọ̀ ni, Ìbàdàn ni mo ti rà á. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ̀gẹ́ tó bá wù mí ni kí n kó sí i. Mo ní kó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ fún mi. Sítíkà wà níbẹ̀! Ó ti ń ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n a rí nọ́ńbà rẹ̀ kà. Nígbà tí àwọn tó ń bá mi kó ẹrù fẹ́ kó o ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ní ó tó. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi, wọ́n ní bàbá yìí ti ń ṣe bí òyìnbó. Mo ní tí ẹ bá lè fa màlúù, ẹ wá pọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ àwọn aládùúgbò mi méjì ti ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn lọ́nà oko lóṣù yìí. Tèmi ń lọ, ó ń bọ̀.

Ohun tó kù ni ti ọmọ yìí, Ọmọ́jọlá. Láti ìgbà tó ti rí fọ́tò rẹ ni kò ti jẹ́ kí n sinmi. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọkọ̀. Bàbá, Àǹtí wà á.” Ìyàwó mi gbè é lẹ́yìn. Mo bá wọn jà, mo rí i pé mi ò ní borí, mo gbà. Lánàá, ó ní òun ló máa wakọ̀ gbé mi lọ sóko. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awakọ̀ tó ń kọ́ ọ wà lẹ́yìn. Nígbà tí a kó ẹ̀gẹ́ tán, ibi tí a lè gbà yí ọkọ̀ padà kò sí, ẹ̀yìn nìkan ló kù, láàárín kòtò méjì. Awakọ̀ tó ń kọ́ ọ ní kó sọ̀ kalẹ̀, kí òun bá a ṣe é.

Ọmọ́jọlá wò mí. Mo ní kí awakọ̀ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ọmọ náà wo jíǹgí, ó yí sítiárìn, ó fi ẹ̀yìn jáde wọ́ọ́rọ́ láìkan kòtò kankan. Gbogbo àwọn tó wà lóko pariwo. Àṣàkẹ́, èmi gan-an ni mo pariwo jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Raheem